Ìlà Funfun ní Yàrá Kẹrìnlá

Ní Niu Bẹ́dífọ́ọ̀dù, létí òkun tí ń mí èémí yìnyín,
òru ni mo fi ń jẹun.
Mo ń yí arúgbó padà lórí ibùsùn kí ẹ̀gbẹ́ wọn má baà jẹrà,
mo ń ka oògùn sínú ife pélébé,
mo ń bá ẹni tí oorun kọ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Bẹlamíno, Àgùdà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún,
ló fi téèpù funfun fa ìlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
láti ẹsẹ̀ ibùsùn tirẹ̀ títí dé abẹ́ fèrèsé.
"Apá ibí yìí, ilẹ̀ Pọtogí ni."
Anasitásíọ̀ tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá,
apẹja láti Kepu Fẹ́dè, tí òkun ti gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀,
rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.
"Ilẹ̀ Pọtogí! Mo sá fún un lẹ́ẹ̀kan,
ó tún tọ̀ mí wá síbi tí mo ti ń tọ̀ sílé."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi du fèrèsé
tí kò ṣeé ṣí, tí kò kọjú sí nǹkan kan
ju ibi ìgbọ́kọ̀sí àti òkìtì yìnyín lọ.

Mo bi í lóru: Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ ìlà fífà?
Ó ní, "Ní Aṣudá."
Èmi ni mo gbé orúkọ yẹn mì, tó di Ìgéléfe nínú mi,
ibi tí wọ́n ti bí ìyá ìyá mi.

Odi kan, ó ní, lórí ilẹ̀ tí ẹni tó ń tiro lè yí po
kí ìrẹsì tó jinná.
Wọ́n kọ́ ọ láyé tí wọ́n ń ka ènìyàn bí ẹni ka àgbọn.
(Èyí, kò sọ ọ́. Èmi ni mo fi kún un.)
Ẹrù tán, odi ò lọ.
Faransé gba gbogbo àyíká, odi ò lọ.
Ènìyàn méjì péré ló kù tí ń ta àsíá lówùúrọ̀,
tí ń ká a nírọ̀lẹ́,
bí ẹni ń sá aṣọ tí kò dọ̀tí.
Dàhòmì gba òmìnira; ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo,
wọ́n ní kí wọ́n kẹ́rù kí oṣù Keje tó tán.
Wọn kò jà. Wọ́n dáná sun ilé,
wọ́n sì jáde.

Lóru kan, Bàbá ní òun ló gbé agolo epo.
Lóru mìíràn, ó ní orí rédíò lòun ti gbọ́ ọ ní Lisibọ́ọ̀nù,
pé ọbẹ̀ ẹja lòun ń jẹ.
N kò mọ èyí tí n ó gbà gbọ́.
Ìyá àgbà mi kò sọ ti òmìnira rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé
òun sá aṣọ funfun lọ́jọ́ náà,
òórùn èéfín kò sì kúrò lára rẹ̀ fún oṣù kan.
"Ẹni tí a ní kó máa lọ, tó ń jó ibùsùn:
ta ló sọ fún un pé a fẹ́ sùn?"

Oṣù Kìn-ín-ní, agogo iná ké.
Inú agbada ìfọwọ́ ni Bàbá ti dáná sun ìwé ìròyìn,
ó dúró ṣánṣán nínú ẹ̀wù oorun,
ọwọ́ rẹ̀ níwájú orí bíi ti sójà.
Anasitásíọ̀ ń pariwo lórí ibùsùn:
"Ta ló lé ọ? Ta ló lé ọ, òmùgọ̀?"
Ó ń sunkún.

Wọ́n gbé e lọ sí àjà kejì, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn láti ìta.
Wọ́n ní kí n ká téèpù náà.
Mo fi ṣíbí họ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó ká,
ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ;
ìlà náà ṣì wà, ó tilẹ̀ tún funfun sí i.
Anasitásíọ̀ ti ni fèrèsé. Kò jókòó síbẹ̀.

Nínú àpò ẹ̀wù mi, lẹ́tà ìjọba kan wà
tó dá ọjọ́ tí èmi náà gbọ́dọ̀ kúrò.
N kò ní odi. N kò ní agolo epo.
Ẹ̀yìn arúgbó kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yí
kí aago mẹ́ta tó lù.